Kí Fóònù Tó Dé Iwájú Ènjìníà: Áàpù Tó Kọ̀, Àkáǹtì Tó Tì àti Ìyọ̀ǹda Tó Pọ̀ Jù

Láti ẹsẹ̀ afárá Abúlé Ẹ̀gbá, èyí tí Gómìnà Akínwùmí Ambode ṣí ní oṣù May 2017, títí dé ọjà Ilé Epo, iṣẹ́ kì í wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn fẹ́ kó ọjà fóònù Computer Village kúrò ní Ìkẹjà wá sí Katangowa, tí kò jìnnà sí Abúlé Ẹ̀gbá rárá. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ènjìníà kan á gbọ́ pé ẹjọ́ mẹ́ta ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbé wá: “Kò ṣí.” “Kò jẹ́ kí n wọlé.” “Kò gbé orúkọ àwọn èèyàn mi jáde mọ́.” Ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì máa ń fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “Ẹ jẹ́ ká fláàṣì ẹ̀.”

Fláàṣì, ìyẹn títún gbé ètò tó ń darí fóònù sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a máa mú kí fóònù ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó sì tún máa ń gbá fọ́tò ìkómọ, nọ́ńbà àwọn oníbàárà àti àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ gbèsè ọjà dànù.

Orí ìwé yìí wà kí onífóònù lè mọ ohun tó ń ṣe fóònù rẹ̀ kó tó gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìṣòro mẹ́ta ló wà níbẹ̀, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹni tó gba yàrá kan ní Ìjàyè mọ̀ pé ẹrù inú yàrá yàtọ̀ sí risíìtì owó ilé tó jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ tó fi ṣọwọ́ sí àbúrò rẹ̀. Ohun tí áàpù kó pamọ́ sínú fóònù ni ẹrù, àkáǹtì ni risíìtì, ìyọ̀ǹda ni kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù tó máa torí ẹ̀ dáná sun ẹrù. Ohun tí fláàṣì ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tàbí àkáǹtì ló wà nílẹ̀.

Ṣé fóònù ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ní ọjọ́ 4 oṣù October 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àṣìṣe inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n ló fà á. Kò sí bọ́tìnnì kankan tí èèyàn lè tẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá tó lè yanjú rẹ̀. Ẹni tó sáré yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí kò sì tíì kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pamọ́ síbì kankan, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pàdánù wọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, ọ̀nà mìíràn ló tún gbà ṣẹlẹ̀. Àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun Côte d'Ivoire. Ìlú púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló fara gbá a, áàpù báńkì sì ń ṣe ségesège ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù September sí October ọdún kan náà, àwọn báńkì ńlá kan pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé iṣẹ́ wọn, àwọn oníbàárà wọn kò sì rí owó wọn wò lórí fóònù. Owó wà níbi tó wà, fóònù kò sì ní àrùn kankan.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú kò gba owó. Kí onífóònù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí tó ń lo áàpù kan náà bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ti onítọ̀hún náà bá kọ̀, sùúrù ni oògùn. Bí ti onítọ̀hún bá ṣí, kó gba hotspot lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tí áàpù bá ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn, a jẹ́ pé síìmù tàbí dátà rẹ̀ ló ní ìṣòro. Gbogbo ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń lo *323# báyìí fún wíwo dátà tó kù, torí pé NCC, àjọ tó ń ṣàkóso wọn, ní kí wọ́n sọ àwọn kóòdù wọn di ọ̀kan náà ní 2023.

Ohun méjì tún wà tí ojú máa ń fò. Àkọ́kọ́ ni déètì àti aago. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá lè jí kó máa ka ọdún tó ti kọjá, áàpù báńkì kò sì ní gbà á wọlé, torí pé déètì wà lára ohun tó fi ń mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ báńkì gan-an lòun ń bá sọ̀rọ̀. Nínú Settings, kí wọ́n tan Automatic date and time. Èkejì ni àyè. Fóònù tó ti kún dé ẹnu kò lè gba update, kò lè gba fọ́tò, áàpù á sì máa já kúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àyè tó kù kò bá tó 1 GB, fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò, ẹgbẹ́ ìjọ àti ti mọ́sálásí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pa rẹ́.

Ẹrù inú áàpù: Clear cache kì í ṣe Clear storage

Tecno, Infinix àti itel, tí ilé-iṣẹ́ Transsion láti ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe, ló kún ọwọ́ àwọn èèyàn ní agbègbè yìí. Bí wọ́n bá ṣí Settings lórí wọn, tí wọ́n wọ Apps, tí wọ́n tẹ orúkọ áàpù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí wọ́n sì tẹ Storage, bọ́tìnnì méjì á jáde. Ọ̀kan ni Clear cache. Èkejì ni Clear storage, tí fóònù mìíràn ń pè ní Clear data. Kò sí èyí tó máa fọwọ́ kan dátà tí wọ́n rà lọ́wọ́ MTN tàbí Airtel nínú méjèèjì. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn tóbi.

Cache ni àwọn ẹ̀dà tí áàpù fi sápá kan kó má baà máa lọ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, irú bí fọ́tò àwọn ọjà tí wọ́n ti wò lórí Jumia tàbí fọ́tò ojú àwọn ọ̀rẹ́ lórí Facebook. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, áàpù á tún un kó jọ. Storage ní tirẹ̀ ni gbogbo ohun tí áàpù mọ̀ nípa ẹni tó ń lò ó: àkáǹtì tó fi wọlé, ètò tó ṣe, ọ̀rọ̀ tó kọ. Bí wọ́n bá pa ìyẹn rẹ́, áàpù á dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí fóònù.

Torí náà, láti orí èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dúró níbi tí áàpù bá ti ṣí:

1. Kí wọ́n tẹ Force stop nínú Settings, kí wọ́n tún ṣí áàpù náà.

2. Kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n tún un tàn.

3. Kí wọ́n tẹ Clear cache.

4. Kí wọ́n wọ Play Store lọ ṣe update áàpù náà. Bí Play Store fúnra rẹ̀ ló kọ̀, kí wọ́n Clear cache ti Google Play Store àti ti Google Play services.

5. Kí wọ́n tẹ Clear storage, tàbí kí wọ́n yọ áàpù náà kúrò kí wọ́n sì tún un gbé wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ibi tí ẹrù inú rẹ̀ wà.

6. Factory reset ló kẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan náà sì lòun àti fláàṣì ní ti ohun tó ń pa rẹ́.

Ní ìpele karùn-ún ni ọ̀pọ̀ omijé ti ń wá, torí náà ó yẹ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Áàpù báńkì, OPay, PalmPay àti Moniepoint kò tọ́jú owó sínú fóònù. Bí wọ́n bá Clear storage wọn, kọ́bọ̀ kan kò ní yọ. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé áàpù á tún béèrè nọ́ńbà fóònù, PIN, nígbà mìíràn BVN tàbí fọ́tò ojú, á sì fi kóòdù ránṣẹ́. Ẹni tí síìmù tó fi ṣí àkáǹtì náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ dán an wò títí á fi gba síìmù rẹ̀ padà.

WhatsApp yàtọ̀. Inú fóònù ni àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Clear storage tàbí kó yọ WhatsApp kúrò, kó wọ Settings inú WhatsApp, kó tẹ Chats, kó tẹ Chat backup, kó sì wo déètì tó wà níbẹ̀. Bí déètì náà bá jẹ́ ti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, oṣù márùn-ún ọ̀rọ̀ ló fẹ́ lọ yẹn. Kó tẹ Back up lójú ẹsẹ̀. Lórí Android, inú Google Drive ni ẹ̀dà náà ń lọ, láti 2024 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á mọ́ 15 GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí Gmail àti fọ́tò ti kún 15 GB rẹ̀ lè máa rò pé WhatsApp òun ń ṣe backup lójoojúmọ́, kó sì jẹ́ pé ó ti dá dúró tipẹ́.

Èyí tó burú jù ni áàpù kéékèèké tí kò ní àkáǹtì rárá. Ìyá tó ń ta aṣọ òkìrìkà lè máa kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sínú áàpù Notes tó bá fóònù rẹ̀ wá. Ibẹ̀ nìkan ni àkọsílẹ̀ yẹn wà láyé. Clear storage kan ṣoṣo, gbogbo gbèsè di ti Ọlọ́run. Kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù náà, kó ya fọ́tò àkọsílẹ̀ náà, kó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, tàbí kó dà á kọ sínú ìwé.

Nígbà mìíràn, áàpù tó ń kú kọ́ ni olórí ìṣòro. Ní oṣù March 2021, Gmail àti ọ̀pọ̀ áàpù mìíràn ń já kúlẹ̀ lórí fóònù Android káàkiri ayé. Android System WebView, irinṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí àwọn áàpù fi ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ló gba update tí kò dára. Bí Google ti tú update tuntun fún WebView àti Chrome sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Torí náà, bí áàpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́jọ́ kan náà, WebView àti Chrome ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe update fún nínú Play Store.

Àwọn oní-iPhone kò ní bọ́tìnnì Clear cache fún áàpù kọ̀ọ̀kan. Nínú Settings, General, iPhone Storage, wọ́n á rí Offload App, tó ń yọ áàpù kúrò ṣùgbọ́n tó ń fi ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀, àti Delete App, tó ń kó méjèèjì lọ. Offload ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò.

Àkáǹtì: ta ni olóhun?

Bí áàpù bá ṣí ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí èèyàn wọlé, kò sí Clear cache tó lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí áàpù ń béèrè ni ẹ̀rí pé olóhun ló dé. Ẹ̀rí yẹn kì í sábà kọjá nǹkan mẹ́ta: nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, àti PIN tàbí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan, èyí tó kù ló máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ti nọ́ńbà ló gbẹgẹ́ jù. Lábẹ́ ìlànà NCC, nọ́ńbà tí wọn kò fi ṣe ohun tó pa owó wọlé fún oṣù mẹ́fà lè di títì, bó bá sì tún fi oṣù mẹ́fà mìíràn wà bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ra síìmù bẹ́ẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àláàtì báńkì ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹni tó ni àkáǹtì kò sì ní rí kóòdù gbà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa síìmù kan tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí báńkì, kó wọ Google àti WhatsApp, kó sì pààrọ̀ nọ́ńbà náà níbẹ̀. WhatsApp ní Change number nínú Settings, lábẹ́ Account, èyí tó ń kó àkáǹtì lọ sórí nọ́ńbà tuntun láì pàdánù ẹgbẹ́ tí èèyàn wà.

Bí síìmù bá sọnù, ojúkò iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ń gbà á padà, pẹ̀lú NIN ẹni tó ni ín. Láti oṣù December 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n so NIN mọ́ síìmù, *996# sì ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ ni síìmù tí ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ fi orúkọ ara rẹ̀ rà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń lò ó kò lè gbà á padà láìjẹ́ pé ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ bá a lọ.

Bí gbájú-ẹ̀ bá gba WhatsApp mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà ń gbà. Ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dà bí ojúlùmọ̀, á ní kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan ṣèèṣì wá sórí fóònù rẹ, jọ̀ọ́ kà á fún mi. Kóòdù yẹn ni ẹnu ọ̀nà WhatsApp. Ẹni tó bá ti kà á jáde, kó tún fi nọ́ńbà rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀, kó sì tẹ kóòdù tuntun tó bá wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti lé olè náà jáde. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, olóhun á dúró fún ọjọ́ méje kó tó lè wọlé láìsí PIN náà, ṣùgbọ́n olè pàápàá kò ní lè wọlé mọ́. Kí wọ́n sì tètè pe àwọn mọ̀lẹ́bí, torí pé ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni “ẹ bá mi fi 50,000 náírà ránṣẹ́.”

Ààbò lọ́wọ́ irú olè bẹ́ẹ̀ ni Two-step verification, tó ti wà lórí WhatsApp láti 2017. Inú Settings ló wà, lábẹ́ Account. Kí wọ́n fi PIN sí i, kí wọ́n sì fi ímeèlì sí i pẹ̀lú, torí ẹni tó gbàgbé PIN tí kò ní ímeèlì níbẹ̀ náà á dúró fún ọjọ́ méje.

Ti Google ló ṣe kókó jù fún àwọn tó ń lo Android, torí pé òun ló so fọ́tò, nọ́ńbà àti backup WhatsApp pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abúlé Ẹ̀gbá kò mọ Gmail tó wà lórí fóònù tiwọn, torí pé ẹni tó ta fóònù fún wọn ló ṣí i. Kí wọ́n wọ Settings, kí wọ́n tẹ Google, kí wọ́n wo orúkọ tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì dá páásíwọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n mọ̀ fún un. Kí wọ́n fi nọ́ńbà tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù lè lọ sí g.co/recover. Fóònù tó ti máa ń lò tẹ́lẹ̀ àti ibi tó ti máa ń lò ó ló dára jù fún irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, torí Google ń wo ìyẹn mọ́ ẹ̀rí. Bákan náà, Google ti kéde ní 2023 pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì lè di píparẹ́.

Láti 2015, pẹ̀lú Android 5.1, fóònù tí wọ́n fi ipá pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ á tún béèrè Gmail tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Activation Lock ni ti iPhone, ó sì ti wà láti 2013. Ohun tó ń pa ẹni tó ra tòkunbọ̀ lára nìyẹn. Kó tó san owó, kó ní kí ẹni tó ń tà á yọ àkáǹtì Google tàbí iCloud rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, kí wọ́n ṣe factory reset lójú rẹ̀, kó sì bá a débi tí fóònù ti ń kí i káàbọ̀. Bí fóònù bá béèrè àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tí oníṣòwò sì ní “àwọn ènjìníà á bá yín yọ ọ́,” kó dá fóònù náà padà fún un.

Ìyọ̀ǹda: kí ni áàpù ń wá nínú kámẹ́rà?

Kí Android 6 tó dé ní 2015, bí èèyàn bá ti gba áàpù wọlé, gbogbo ohun tí áàpù náà béèrè ló ti fún un nìyẹn. Láti ìgbà náà ni fóònù ti ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Android 11, ní 2020, fi “Only this time” kún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìyọ̀ǹda padà lọ́wọ́ áàpù tí wọn kò ṣí fún oṣù díẹ̀. Android 12 gbé àmì kékeré aláwọ̀ ewé kan wá sókè fóònù nígbàkígbà tí áàpù bá ń lo kámẹ́rà tàbí máìkì.

Àǹfààní nìyẹn, àmọ́ ó tún máa ń fa ìṣòro. Bí WhatsApp bá ń gbé nọ́ńbà nìkan jáde láìsí orúkọ, ìyọ̀ǹda Contacts ni kò ní. Bí voice note kò bá gba ohùn, Microphone ni. Bí áàpù báńkì bá fẹ́ ya ojú tí gbogbo rẹ̀ sì dúdú, Camera ni. Bí awakọ̀ Bolt ní Ìkẹjà kò bá rí èrò, kó wo Location. Ẹni tó bá ti tẹ Don't allow lẹ́ẹ̀mejì lórí Android 11 sókè, áàpù náà kò ní béèrè mọ́ láéláé, á kàn kọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni Settings, Apps, orúkọ áàpù, Permissions.

Ọ̀rọ̀ àláàtì kan àwọn oníPOS. Láti Android 13, ní 2022, áàpù gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kó tó lè fi àláàtì sójú fóònù. Ètò ìpamọ́ bátìrì pẹ̀lú máa ń pa áàpù tí kò sí lójú fóònù. Kí oníPOS tan Notifications fún áàpù tó fi ń gbowó, kó sì yọ áàpù náà kúrò nínú Battery optimization. Síbẹ̀, kó má fi àláàtì nìkan ṣe ẹ̀rí. Owó tó wà nínú àkáǹtì ni kó ṣí wò kó tó ka náírà fún oníbàárà.

Ibi tí ìyọ̀ǹda ti ṣe èèyàn ní jàǹbá jù ní agbègbè yìí ni ọ̀rọ̀ áàpù ayánilówó. Wọ́n á yá èèyàn ní owó kékeré láìsí onídùúró, àmọ́ áàpù á ti béèrè Contacts, SMS àti fọ́tò. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti àna rẹ̀ pé olè ni. Ní oṣù August 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ilé-iṣẹ́ ayánilówó Soko Lending lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù March 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí Babatunde Irukera ń darí nígbà náà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Opebi, Ìkẹjà, pẹ̀lú àwọn ICPC, NITDA àti ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ 31 oṣù May 2023, Google kò gbà kí áàpù ayánilówó kankan tó wà lórí Play Store fọwọ́ kan Contacts tàbí fọ́tò mọ́. Ní oṣù June ọdún kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tó fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà.

Èyí fi hàn pé áàpù ayánilówó tó bá ṣì ń béèrè Contacts lónìí ti rú ìlànà Play Store, tàbí kó jẹ́ APK, ìyẹn áàpù tí kò gba Play Store wá, tí wọ́n fi líǹkì WhatsApp pín kiri. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí fóònù. Ẹni tó sì ti gbé e sórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ohun kan láti mọ̀: bó bá gba ìyọ̀ǹda padà, áàpù kò ní rí nọ́ńbà tuntun mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti dà kọ tẹ́lẹ̀ kò ní padà. Yíyọ áàpù kúrò kò sì pa gbèsè rẹ́. Kó ya fọ́tò gbogbo ìhàlẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kó sì kó o lọ fún FCCPC.

Ìyọ̀ǹda kan ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: Accessibility. Torí àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ ń dà láàmú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kí áàpù lè ka ohun tó wà lójú fóònù kó sì bá wọn tẹ bọ́tìnnì. Áàpù tó bá ní in lè rí PIN báńkì bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kí onífóònù wọ Settings, Accessibility, kó wo ohun tó wà ní títàn. Bí áàpù géèmù, ti iná tọ́ọ̀ṣì tàbí ti fídíò bá wà níbẹ̀, kó pa á, kó sì yọ áàpù náà kúrò.

Bí ó bá di dandan kí fóònù dọ́dọ̀ ènjìníà

Ojú fóònù tó fọ́ àti ibi cháàjì tó bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ènjìníà ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Kí fóònù tó kúrò lọ́wọ́, kí onífóònù ṣe backup, kó yọ síìmù àti memory card, kó jáde nínú gbogbo áàpù báńkì, kó sì tẹ *#06# kó kọ IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, sílẹ̀. Síìmù kò ní iṣẹ́ kankan nínú pípààrọ̀ ojú fóònù. Àwọn Samsung tuntun kan ní Maintenance mode tó ń fi fọ́tò àti áàpù pamọ́ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Fóònù tí kò ní in, bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n dúró tì í títí wọ́n á fi ṣe é tán. Bí ènjìníà bá ní òun nílò PIN, kí onífóònù fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bí wọ́n bá jí fóònù náà gbà, nínú mọ́tò BRT tàbí lójú títì, kí ìpè àkọ́kọ́ jẹ́ sí báńkì, kí wọ́n ti àkáǹtì àti kóòdù USSD. Lẹ́yìn náà ni ti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n ti síìmù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n lo fóònù ẹlòmíràn wọ android.com/find, kí wọ́n ti fóònù náà tàbí kí wọ́n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Síìmù tuntun ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń wá fóònù kiri kó tó pe báńkì ti fún olè ní àyè.

Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí wá ìwé kékeré kan lónìí, kó sì kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀: IMEI fóònù rẹ̀, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì báńkì rẹ̀, orúkọ Gmail tó wà lórí fóònù náà, àti orúkọ ẹni tí síìmù rẹ̀ wà ní orúkọ rẹ̀. Kó má kọ PIN tàbí páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Ilé ni kó tọ́jú ìwé náà sí, kó má fi sínú báàgì kan náà pẹ̀lú fóònù.